Ohun tí Bronco àtijọ́ kò lè fi pamọ́

Tí wọ́n bá ní kí n wá bá àwọn wo ọkọ̀ àtijọ́ kan kí owó tó jáde lápò, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ni mo máa ń wò kẹ́yìn. Ranger, Cheyenne, Silverado, Golden Eagle, Eddie Bauer, àwọn orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi ń pe ìpele ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ wọn: kò sí èyí tí wọn kì í tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ní tuntun, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ní kòrófo, tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì, tí kò ní rédíò, lè di full option láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ẹni tó fẹ́ rà á á rí orúkọ tó ń dán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ojú tèmi á ti wà lábẹ́ ọkọ̀.

Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, n kì í ṣe mẹkáníìkì, n ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí àwọn jíìpù àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ti di ohun tí gbogbo ará ìjọ wa fi mọ̀ mí. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ wọn ti kúrò nílé, ló sábà máa ń pè mí. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Bronco kan wà níbì kan, ẹni tó ni ín ní 1972 Ranger ni. Ẹ bá mi débẹ̀." Ìyàwó wọn kò tíì gbọ́. Èmi náà kì í bèèrè.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń là yé wọn ni pé ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀, ọdún kàlẹ́ńdà lọ́tọ̀. Oṣù Kẹjọ 1965 ni Ford gbé Bronco àkọ́kọ́ jáde, 1966 ni wọ́n sì pè é. Bí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ níbí ṣe ń ṣe é nìyẹn: nígbà tí ìgbà ooru bá ń parí lọ, wọ́n á yí iṣẹ́ padà, ọkọ̀ tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn ti di ti ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n tò ní oṣù Kẹwàá 1971, ti 1972 ni. Tí akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọba bá wá kọ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gba nọ́ńbà sí ibi tó yẹ kó kọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìwé ọkọ̀ á máa gbé àṣìṣe yẹn kiri láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi nínú wọn. Irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ló ṣòro jù láti tú.

Bronco ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé, nítorí pé láti 1966 títí dé 1977 ojú kan náà ló ń gbé kiri. Ọkọ̀ kékeré onígun mẹ́rin, iná iwájú róbótó méjì, láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn kò ju ínṣì 92 lọ. Ilé iṣẹ́ Ford kan ṣoṣo, ní Wayne, ìpínlẹ̀ Michigan, ló tò gbogbo wọn. Ẹni tó bá dúró sí òdì kejì títì kò lè sọ pé ti 1967 nìyí, ti 1975 nìyẹn. Àfi kó sún mọ́ ọn.

Tó bá sún mọ́ ọn, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: èyí tí kò ní òrùlé tí kò sì ní ilẹ̀kùn, èyí tí òrùlé rẹ̀ mọ sórí ìjókòó iwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù, àti èyí tí òrùlé bò látòkèdélẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò kọjá 1968, ìkejì parí ní 1972, ìkẹta nìkan ló dé òpin. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ ni 170, ìyẹn bí inú àwọn sílíńdà rẹ̀ ṣe tóbi tó ní cubic inch. 200 ló rọ́pò rẹ̀ ní 1973. V8 tí wọ́n fi kún un ní 1966 jẹ́ 289, àmọ́ láti 1969, 302 ni. Gíà ọ̀tọmátíìkì àti páwà sítíárìn dé ní 1973. Bíréèkì díìsìkì níwájú dé ní 1976. Ní 1977 tó jẹ́ ọdún ìkẹyìn, wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré bo ibi tí wọ́n ti ń rọ epo. Ṣáájú ìgbà yẹn gbangba ni ìdérí rẹ̀ máa ń wà lára bọ́dì.

Mo mọ àwọn èèyàn tó há gbogbo èyí sórí, tí wọ́n sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Ohun tó wà lára ọkọ̀ lónìí kò sọ ohun tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó. Bíréèkì díìsìkì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀ máa ń fi sí Bronco 1968. Gíà ọ̀tọmátíìkì náà kò le láti gbé wọlé. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń wá ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní ìdí láti yí padà, ohun tí kò mú owó ọkọ̀ ga, tí kò sì jẹ́ fáàrí fún ẹnikẹ́ni.

Iná ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1968, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní iná tàbí gíláàsì tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1970, wọ́n ní méjèèjì ni kó wà. Tí fẹ́ńdà Bronco bá wá tẹ́jú láìsí iná, láìsí ihò ìdè, láìsí ibi tí wọ́n ti jó irin dí i, ó di dandan kó jẹ́ ti ìgbà tí òfin náà kò tíì dé. Bí a ṣe ṣírò ọjọ́ orí ìyá bàbá mi gan-an nìyẹn. Kò ní ìwé ìbí. Tí o bá bi í léèrè, iye tó bá wù ú lọ́jọ́ náà ni yóò dá. Ṣùgbọ́n ó ti ń ta ẹ̀kọ ní ọjà nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì tíì gbé e níyàwó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ìlú ni a gbára lé, a kò gbára lé ẹnu rẹ̀. Òfin iná ẹ̀gbẹ́ ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọkọ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Àmọ́ fẹ́ńdà náà ṣeé pààrọ̀, tuntun wà lọ́jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ti férémù nìyẹn, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tí bọ́dì jókòó lé.

Àwo kékeré kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pigeon hole nínú àwọn Bronco wọ̀nyẹn. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, kóòdù ọ̀dà, gíà àti ásù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ojúlówó ni, ìtàn ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ àwo yìí ní tuntun, wọ́n sì lè kọ ohunkóhun tó bá wù ọ́ sí i. Nọ́ńbà kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹ̀ mọ́ irin férémù fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún níwájú, ibi tí ẹrẹ̀, epo àti ìpẹtà ti bò ó láti àádọ́ta ọdún. Ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Àbúrò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló mú mi lọ wo ọ̀kan ní apá Katy. Pupa ni, ìlà funfun gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá, ìbòrí táyà ẹ̀yìn ní àwòrán ẹṣin tó ń tàpá, wọ́n sì kọ Ranger sí i lára gàdàgbà. Bàbá òyìnbó tó ni ín jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó gbé omi tútù fún wa. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ojú férémù títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. N kò rí nǹkankan. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á lójú, mo fi àkísà nu orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀kì kúrò níbi tó tẹ́jú, ó dúró sínú ibi tí irin ti jìn. Mo ní kí àbúrò mi tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kó má tàn án láti òkè, kí òjìji lè jẹ́ kí lẹ́tà hàn. U, 1, 5, F, L, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tó kù.

U15 túmọ̀ sí èyí tí òrùlé rẹ̀ bò látòkèdélẹ̀. U13 ni aláìlórùlé, U14 ni onídajì òrùlé. L jẹ́ Wayne, kò sì lè jẹ́ ibòmíràn. F ló ṣe pàtàkì, torí pé òun ni ẹ́ńjìnnì 170, sílíńdà mẹ́fà. V8 ló sì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń hó bùkẹ̀. Ní ti ọdún, kò sí lẹ́tà kan tó ń sọ ọ́ ní tààrà nínú nọ́ńbà Bronco ìgbà yẹn. Nọ́ńbà ìtẹ̀léra tó wà lẹ́yìn L ni a ń wò, kí a mọ àárín ibi tó bọ́ sí. Tiẹ̀ bọ́ sáàárín ti 1969. Ford kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta Ranger gẹ́gẹ́ bí ìpele kan lára Bronco títí di 1972. Ohun tó wà kí 1972 tó dé, fún ẹni tó fẹ́ ọ̀ṣọ́, ni Sport, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967.

Mo dìde, mo lọ wo ẹ́ńjìnnì náà lẹ́bàá sítátà. D8VE ni wọ́n rọ mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá mọ kóòdù Ford á rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ẹ̀wádún: C jẹ́ àwọn ọdún 1960, D jẹ́ 1970, E jẹ́ 1980. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni ọdún. D8 jẹ́ 1978, Bronco kékeré sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1977. Ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà kéré sí ti ọkọ̀ tó gbé e. Ẹ ṣàkíyèsí o, kóòdù yìí ń sọ ọdún tí wọ́n yàwòrán irin náà ni, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ wà lọ́tọ̀, ní nọ́ńbà ọdún, lẹ́tà oṣù àti ọjọ́: 9C15 á jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún tó parí sí 9. Àwọn tó ń fi kóòdù àkọ́kọ́ nìkan jiyàn pọ̀, ariwo wọn sì pọ̀ ju ìmọ̀ wọn lọ.

Bàbá náà kò bínú. Ó ní bí òun ṣe rà á nìyẹn, Ranger ti wà lára rẹ̀, V8 ti wà nínú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Àbúrò mi san owó Bronco 1969 tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Orúkọ Ranger náà ṣì wà lára ọkọ̀ yẹn di báyìí. Ó ní òun kò lè yọ ọ́, pé ó bá pupa rẹ̀ mu.

Èyí tí n kì í fọwọ́ sí fún ẹnikẹ́ni ni Baja Bronco. Bill Stroppe, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe fún ìdíje eré sísá nínú aṣálẹ̀, ló ń ṣe wọ́n ní Long Beach, California, láti 1971, tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ Ford sì ń tà wọ́n fún aráàlú. Wọn kò pọ̀ rárá. Ọ̀dà pupa, búlúù àti funfun ni wọ́n ń kùn ún, wọ́n sì fi gíà ọ̀tọmátíìkì sí i nígbà tí Bronco yòókù kò tíì ní. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lára Bronco gbogbo, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé ìgbátí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ló wọ́n jù, torí pé gbogbo ayé ló ń gé e kí táyà ńlá lè wọlé. Ti Stroppe sì rèé, gígé ni wọ́n gé e kí olówó tó rà á. Ẹni tó bá ní ayùn, ọ̀dà mẹ́ta àti ojú kò-dá-mi-nǹkan lè bí Baja sílé. Láìsí ìwé ríra àkọ́kọ́, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Chevrolet ṣe ohun kan tí mo máa ń yìn wọ́n sí. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ inú ìlẹ̀kùn pigeon hole ọkọ̀ ẹrù wọn àti ti Blazer, jíìpù tiwọn, gbogbo ohun tí wọ́n fi sí ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó ló wà níbẹ̀ ní kóòdù mẹ́ta-mẹ́ta. YE9 ni Silverado. Tí YE9 kò bá sí níbẹ̀, orúkọ tó wà lára fẹ́ńdà jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Ní ti ọdún, nínú Blazer tí wọ́n ṣe láti 1973 sí 1979, nọ́ńbà kẹfà nínú nọ́ńbà ọkọ̀ ni ọdún, 3 fún 1973, 9 fún 1979. Ẹni tí kò bá fẹ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lè kàn wo òrùlé: láti 1969 sí 1975, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí kúrò títí dé ọ̀dọ̀ awakọ̀; láti 1976, ti iwájú kì í ṣí mọ́. Gíríìlì iwájú kò tó ẹ̀rí, bóòtù díẹ̀ ló dè é. Gígé òrùlé ọkọ̀ kó lè jọ ti ọdún méjì sẹ́yìn, ta ni yóò ṣe é? Ìṣòro bébà Chevrolet náà ni pé eku fẹ́ràn rẹ̀.

International Harvester, àwọn tó ń ṣe katakata fún àgbẹ̀, tún ju wọ́n lọ. Wọ́n ń ṣe jíìpù Scout ní Fort Wayne, Indiana, láti 1961 sí 1980, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé nígbà tí wọ́n ń tò ó: ẹ́ńjìnnì, gíà, ìwọ̀n ásù, ọ̀dà, ìjókòó, gbogbo rẹ̀ pátá. Títí di òní, tí o bá fún àwọn kan lára àwọn tó ń ta ẹ̀yà Scout ní nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ, wọ́n á tẹ ẹ̀dà ìwé yẹn fún ọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń ta Scout II lásán gẹ́gẹ́ bí SSII, oríṣi rẹ̀ pàtàkì kan, tó sì ní òun kò tíì rí àyè béèrè ìwé náà, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Jeep Wagoneer kò ní gbà mí lásìkò. Bọ́dì kan náà ni láti 1963 dé 1991, ilé iṣẹ́ Kaiser, AMC àti Chrysler jogún rẹ̀ tẹ̀léra. Àwọn èèyàn máa ń rí àwòrán igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní Grand Wagoneer ni. Orúkọ yẹn kò sí lára rẹ̀ kí ó tó di 1984. Èyí tí igi wà lára rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1981, ìjọba ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa lo nọ́ńbà 17 kan náà, ìkẹwàá sì di ọdún. B jẹ́ 1981, C jẹ́ 1982, a ó máa tò ó bọ̀ dé Y tó jẹ́ 2000, a ó fo I, O, Q, U àti Z. 2001 di 1, 2009 di 9, 2010 padà sí A. Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí, yálà ní Berger tàbí ní Kútọnu, mọ èyí ju ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ. Ó ti duro níwájú gíláàsì ọkọ̀, ó ti fi ìka ka nọ́ńbà dé ìkẹwàá nígbà tí ẹni tó ń tà á ń sọ pé "2008 ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú ara yín." Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní kọ̀ǹpútà yóò máa fi nọ́ńbà 17 yìí dá owó ẹnubodè lé ọkọ̀, àwọn ejẹ́ńtì ní èbúté Èkó fárígá pé owó náà ti pọ̀ jù. Lẹ́tà kan ṣoṣo ti di ọ̀rọ̀ owó gidi.

Síbẹ̀, nọ́ńbà 17 kì í sọ gbogbo nǹkan. Nínú ti Bronco ńlá tó rọ́pò kékeré, tí wọ́n ṣe dé 1996, ó sọ ọdún, ó sọ ẹ́ńjìnnì, kò sọ bóyá ìpele XLT ni tàbí Eddie Bauer, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti wo bébà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀, kó fi kóòdù ọ̀dà àti ti inú ọkọ̀ wéra pẹ̀lú ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ohun kan wà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kò tíì fẹnu kò lé lórí. Lónìí, o lè ra bọ́dì Bronco tuntun láti ilẹ̀ dé òrùlé, irin tí kò tíì rí ìpẹtà rí, tí Ford fúnra wọn fọwọ́ sí kí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Wọ́n á gbé e lé férémù àtijọ́. Ọdún wo ni ọkọ̀ yẹn? Àwọn kan ní kò ní ọdún mọ́. Àwọn mìíràn ní ọdún tí wọ́n tẹ bọ́dì náà ni. Èrò tèmi ni pé férémù ni ọkọ̀: ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà sí, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ka pípa nọ́ńbà yẹn rẹ́ sí ọ̀ràn tí wọ́n lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n lé lórí. Kò sí ẹni tó ń lọ ẹ̀wọ̀n nítorí fẹ́ńdà.

Àbúrò mi ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń wo ọ̀kan nínú àwọn bọ́dì tuntun wọ̀nyẹn báyìí, torí pé ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wọnú. Mo ní kó rà á tí owó bá wà. Ṣùgbọ́n kó ya fọ́tò nọ́ńbà férémù náà dáadáa, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì nínú rẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ kun ún tó dé, kó sì sọ fún wọn pé ọ̀dà fẹ́lẹ́ ni kí wọ́n fi gba ibẹ̀ kọjá.